Ọwọ́ Òsì Abà Josiah

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irọ́ ṣe ń di ìtàn, kó wá bá mi. Mo jókòó tì í nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, èmi náà ni mo sì gbé omi tútù fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Àjíkẹ́ lorúkọ mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe tíṣà ní Mọ́níyà kí n tó fẹ̀yìn tì, tí mo padà sí abà wa lọ́nà Ìjàyè láti tọ́jú màmá mi. Abà Josiah ni wọ́n ń pè é. Josiah ló bí bàbá mi, iṣẹ́ awọ ló sì ń ṣe: àkọ̀ ọ̀bẹ, àkọ̀ àdá, àpò ọdẹ. Nígbà tí àwọn tó lọ jagun Bọ́máà padà dé, ọ̀kan nínú wọn mú àkọ̀ ìbọn ìléwọ́ òyìnbó kan bọ̀, ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí bàbá àgbà bá òun tún un ṣe. Bàbá àgbà ò tún nǹkan kan ṣe. Ńṣe ló tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ló gé awọ tuntun, ó rán méjì, ó fún sójà ní ọ̀kan, ó fi ọ̀kan pamọ́. Láti ìgbà náà, ọdẹ tó ní ìbọn kúkurú, olùṣọ́ igbó ọba, olówó kòkó tó ń bẹ̀rù olè, láti Ìjàyè títí dé Akanran, àkọ̀ ilé wa ni wọ́n ń fi sí ìbàdí.

Iṣẹ́ náà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Oníbàárà kì í fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. A ó fi ẹfun fa ìlà yí i ká lórí pákó, a ó gbẹ́ igi tó jọ ọ́. Ìbọn onígi yìí la ó tẹ awọ tútù mọ́ lára, a ó fi sílẹ̀ kó gbẹ síbẹ̀. Tó bá ti gbẹ, kò ní gba ìbọn ẹlòmíràn mọ́. Ó wá ku rírán. Ìlu, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ló ń lu ihò sára awọ, òwú tí a ti fi ìda oyin pa á wá gba inú ihò náà kọjá, abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti ẹ̀yìn. Rírán yẹn gan-an niṣẹ́. Gbogbo ìyókù, ẹni tó bá ní sùúrù lè kọ́ ọ.

Èèwọ̀ kan wà níbẹ̀. Obìnrin ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àkọ̀ ìbọn ọdẹ. Wọ́n ní tó bá fọwọ́ kàn án, ìbọn náà á kọ̀ níjọ́ tí olówó rẹ̀ bá nílò rẹ̀, tàbí kó bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá mi, Lazarus, díákónì ni wọ́n ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, wọ́n á dìde, wọ́n á ní kò sí èèwọ̀ fún ẹni tó wà nínú Krístì. Tó bá di ọjọ́ Ajé, wọ́n á lé èmi ọmọ wọn kúrò nídìí awọ bí ẹni ń lé adìyẹ nídìí àgbàdo. Ọdẹ ni oníbàárà wa, ta ló fẹ́ bá oníbàárà jiyàn Bíbélì?

Ní ọdún 1984, ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Wọ́n ń rí ènìyàn lókèèrè, wọ́n lè gé awọ, wọ́n lè gbẹ́ igi, ṣùgbọ́n ojú wọn ò gbé ihò tí ìlu lù mọ́. Wọ́n rán àkọ̀ mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wọ́. Ìkẹrin ò wọ́. Ìgbà tí mo délé fún ìsinmi láti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni mo mọ ìdí rẹ̀. Mo ṣí ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn láìkànkùn, mo bá màmá mi lórí àpótí, àkọ̀ ìbọn láàárín orúnkún wọn méjèèjì, ìlu lọ́wọ́ òsì wọn.

“Ti ìlẹ̀kùn yẹn,” ni wọ́n wí, wọn ò gbójú sókè. “Bàbá rẹ ló ń rán an.”

Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ìyá wọn fi ata pa á, wọ́n tún fi ọ̀já dì í mọ́ wọn lára. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, wọ́n fi ń kí ènìyàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá gba àrà, òsì ni. Òwú tí bàbá àgbà rán máa ń dagun sápá ọ̀tún. Ti màmá mi ń dagun sápá òsì, gbogbo rẹ̀ lọ́gbọọgba, bí ebè tí àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kọ. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan á wà ní Alákìá, á rí àkọ̀ nídìí ọlọ́dẹ kan, á ní, “Ti ilé Lazarus nìyẹn, wo bí òwú rẹ̀ ṣe dagun.” Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ọwọ́ òsì màmá mi ni gbogbo ayé fi ń júwe ilé bàbá wa, wọn ò kàn mọ̀ ni.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é. Bàbá á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, wọ́n á máa fi òòlù kan awọ gbà, gbà, kí ẹni tó ń kọjá lè gbọ́. Màmá á wà ní yàrá ẹ̀yìn, ìlẹ̀kùn títì, fèrèsé tó kọjú sí ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ló ṣí. Wọ́n máa ń fi ojú òwú kan ṣoṣo sílẹ̀ lópin. Tí oníbàárà bá dé, bàbá á fọwọ́ tọ́ ọ wò, wọ́n á rán an lójú rẹ̀, wọ́n á so ó, wọ́n á fi eyín gé òwú. Oníbàárà á mi orí: “Lazarus, ọwọ́ yín ò ní rọ o.” Bàbá á ṣe àmín. Mo kórìíra àmín yẹn ju bí mo ṣe kórìíra irọ́ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Bàbá kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Àwọn ọdẹ wá, wọ́n yìnbọn, Bàbá Láyí tó jẹ́ olórí wọn sì dúró létí sàréè, ó sọ̀rọ̀ nípa ìka tí Ọlọ́run fún Lazarus títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Màmá mi jókòó láàárín àwọn obìnrin, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ inú aṣọ. Ní ọjọ́ kẹta, mo ń fi òrí wọ́ ìka wọn tí làkúrègbé ti ń ká kò, wọ́n wo ìka náà fún ìgbà pípẹ́.

“Àjíkẹ́, bí mo bá kú, ta ló máa mọ̀ pé ọwọ́ yìí ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo gbé e bí ogún. Gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, tìtorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe é, mo sì ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà bóyá mo tilẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa.

Àbúrò mi ni Múyì. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́níyà, ó gbé pátákó ńlá kan síwájú rẹ̀: “Lazarus àti Ọmọ, Àkọ̀ Ìbọn Àjogúnbá.” Ẹ̀rọ ló fi ń rán tirẹ̀. Ó ń gbé fọ́tò wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ sì ń rà wọ́n. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, òun ló ń ra oògùn Màmá. Ṣùgbọ́n kò rán ojú òwú mẹ́wàá rí lọ́jọ́ ayé rẹ̀ láì fi ìlu gún ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Òun ló mú ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwabùkọ́lá wá lọ́dún tó kọjá. Ọmọ náà ń kọ ìwé nípa àwọn oníṣẹ́ awọ Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Ọmọlúàbí ni, ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó tú àwọn àkọ̀ àtijọ́ jáde, ó gbé èyí tí bàbá àgbà rán sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì tó jẹ́ ti Màmá, ó sì fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò wọ́n.

“Ẹ wò ó,” ó ní. “Ti bàbá àgbà dagun sọ́tùn-ún. Àwọn yòókù dagun sósì. Kí ló fà á?”

Múyì ò tilẹ̀ mí. “Àmì ìdílé wa ni. Bàbá mi ló dá a sílẹ̀. Àṣírí wa nìyẹn.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wo Màmá. Wọ́n wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, ọwọ́ òsì wọn ń lọ, ó ń bọ̀. Ìgbà yẹn ni mo gbé omi wá fún àlejò, nítorí tí n kò bá rí nǹkan fọwọ́ mú, mi ò mọ ohun tí ẹnu mi ì bá sọ.

Nígbà tí ó lọ tán, mo dojú kọ Múyì. “Ṣé ojú ò tì ọ́? Ìyá rẹ jókòó síbẹ̀!”

“Sístà mi, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ọdẹ ṣì ń lo àkọ̀ yẹn. Tí wọ́n bá gbọ́ pé obìnrin ló rán an ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n wá jó ilé mọ́ wa lórí ni?”

“Ìwé ni wọ́n ń kọ, Múyì. Tó bá ti wọ ìwé, ó parí. Orúkọ Màmá ò ní sí níbẹ̀ títí ayé.”

“Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀,” ni Màmá wí láti orí bẹ́ǹṣì. “Ẹ bá mi gbé igbá yìí wọlé.”

Mo rò pé nítorí Múyì ni wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ba tíṣà jẹ́ nìyẹn, a máa ń rò pé a mọ ohun tó wà nínú ọmọ tó dákẹ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Bùkọ́lá padà wá ní ọjọ́ Sátidé kan láti ya fọ́tò àwọn ọdẹ pẹ̀lú àkọ̀ wọn. Ọdẹ mẹ́fà ló wá, Bàbá Láyí ló ṣáájú, Sanmí tó kéré jù láàárín wọn ló gbẹ̀yìn. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ti fi epo pa àkọ̀ ìdí wọn, ó ń dán. Bàbá Láyí gbá tirẹ̀ pẹ́pẹ́. “Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rèé. Òjò ti pa á, mo ti ṣubú sódò pẹ̀lú rẹ̀. Ọwọ́ Lazarus ló ń ṣọ́ wa nínú igbó.” Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bùkọ́lá ní kí Múyì jókòó, kó rán díẹ̀ kí òun ya fọ́tò àmì ìdílé náà. Múyì mú ìlu, ó mú abẹ́rẹ́ méjèèjì. Ojú òwú àkọ́kọ́ dagun sọ́tùn-ún. Èkejì náà dagun sọ́tùn-ún. Ó tú u, ó tún un rán, ó tún lọ sọ́tùn-ún. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní awọ náà ti gbẹ jù.

Bùkọ́lá dojú ìwé rẹ̀ bolẹ̀, ó fún ojú pọ̀. “Ó jọ pé kì í ṣe awọ. Ẹni tó rán àwọn yìí, ọwọ́ òsì ló ń lò. Ṣé ọlọ́wọ́ òsì ni Bàbá?”

“Ká má rí i!” Bàbá Láyí bú sẹ́rìn-ín. “Lazarus díákónì? Kò fi òsì na nǹkan sí ẹnikẹ́ni rí.”

Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Mo gbójú sókè, mo rí màmá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, igbá ẹ̀gúsí lórí ẹsẹ̀, ọwọ́ òsì yẹn ń bó o lọ. Inú bí mi. Inú bí mi sí bàbá mi nínú sàréè, sí Múyì, sí ẹ̀rín wọn. Mo dìde.

“Màmá wa ló rán wọn,” mo wí. “Gbogbo wọn, láti ọdún 1984. Ojú Bàbá ò ríran rán nǹkan mọ́. Ẹ wo ọwọ́ tí wọ́n fi ń bó ẹ̀gúsí.”

Gbogbo ojú yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ òsì Màmá dúró sínú igbá.

Bàbá Láyí ò wo èmi, kò wo Màmá. Ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ ló gbé sókè tó ń wò. Ìka méjì ò sí níbẹ̀. Ìbọn rẹ̀ ló bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọdún 2009, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ ọ́ káàkiri pé òun ló ki ẹ̀tù jù, pé ojúkòkòrò ìmàdò ló kó bá òun. Ó yí ọwọ́ náà síwá, ó yí i sẹ́yìn.

“Ìdí rẹ̀ rèé,” ó wí. “Ìdí rẹ̀ rèé!”

Kò tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi rí ẹni tó jẹ̀bi gbogbo nǹkan. Ọ̀kan rántí àbúrò rẹ̀ tí kò bọ̀ láti igbó. Ọ̀kan rántí ẹfọ̀n tí ìbọn kọ̀ sí lójú. Bàbá Láyí yọ ìbọn rẹ̀, ó tú ìgbànú, ó rìn lọ síbi tí Màmá wà, ó sì jẹ́ kí àkọ̀ náà já bọ́ síwájú ẹsẹ̀ wọn. Kò nà án sí wọn lọ́wọ́. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Sanmí dúró. “Bàbá, tèmi ò ṣe mí ní nǹkan kan rí o.” Wọ́n wò ó. Ó tú tirẹ̀ náà, ó rọra gbé e sílẹ̀ lórí àwọn tó kù, ó ní, “Ìyá Àjíkẹ́, ẹ má bínú,” ó sì bá wọn lọ.

Múyì di orí mú. Màmá gbé igbá ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn àkọ̀ náà níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n fi èékánná tọ ojú òwú láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n yí i padà, wọ́n wo ẹ̀yìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti rán wọn tán, wọn ò tíì tún fọwọ́ kàn wọ́n.

“Kò sí èyí tó já,” ni wọ́n wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo gbọ́ fóònù Bùkọ́lá, kẹ́, kẹ́, kẹ́, ó ń ya fọ́tò. Ojú rẹ̀ ń dán. Ìtàn tirẹ̀ ti dùn ju bó ṣe bá a lọ. “Màmá, ẹ dákun, kí lorúkọ yín gan-an?” Màmá tún mú àkọ̀ mìíràn. “Gbọ́njúbọ́lá,” mo wí. Mo pè é sípẹ́lì fún un, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀, bí mo ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. N kò rò pé ẹnikẹ́ni lára àwọn ọdẹ yẹn tíì gbọ́ orúkọ náà rí.

Nígbà tí abà dákẹ́, mo wọlé bá Màmá. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo ṣe dáadáa. Ìtìjú ni láti sọ ọ́ báyìí, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.

“Àjíkẹ́, kí ni mo sọ fún ọ nígbà tí a sin bàbá rẹ tán?”

“Ẹ ní ta ló máa mọ̀ pé ọwọ́ yín ni.”

“Mo ní bí mo bá kú.” Wọ́n gbójú sókè. “Ṣé mo ti kú?”

Ó pẹ́ kó tó yé mi tán. Lẹ́yìn ikú wọn, ìyìn ni ọ̀rọ̀ yẹn ì bá jẹ́, nítorí kò sí ẹni tó ń lọ da àkọ̀ sórí sàréè. Lójú ayé wọn, ẹ̀sùn ni. Àwọn ìyàwó ọdẹ ò ya ilé wa kí wọn mọ́. Wọn ò pọn omi nínú kànga wa mọ́. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ò bọ̀ láti igbó wá dúró lójú àgbàlá, ó wo Màmá, kò sọ̀rọ̀, ó yí padà. Màmá ní ọ̀rọ̀ èébú ì bá sàn ju ìyẹn lọ. Múyì gbé pátákó rẹ̀ wálẹ̀. Ó ṣì ń fi oògùn ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í yọjú. Àwọn ọdẹ ti ra àkọ̀ aláṣọ dúdú tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà. Mo rí Bàbá Láyí pẹ̀lú tirẹ̀ lọ́jà, etí rẹ̀ ti ń tú. Mi ò sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ obìnrin ló wà nídìí ẹ̀rọ níbẹ̀.

Ìwé náà dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bùkọ́lá kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sí iwájú rẹ̀. Mo gbé e lọ bá Màmá ní yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n jókòó sórí àpótí wọn níwájú fèrèsé, àkọ̀ Bàbá Láyí láàárín orúnkún wọn, abẹ lọ́wọ́ òsì. Wọ́n ń tú u. Márùn-ún ti wà nílẹ̀ tí wọ́n ti tú tán, awọ lọ́tọ̀, òwú lọ́tọ̀. Ó ti gbà wọ́n lóṣù mélòó kan, nítorí òwú náà ò fẹ́ já, ìka wọn ò sì lágbára mọ́.

“Awọ dáadáa ò ṣeé jù nù,” ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n rí i pé mò ń wò wọ́n. “Mo fẹ́ fi ṣe okùn bàtà fáwọn ọmọ. Bàtà ò ní èèwọ̀.”

Mo ṣí ìwé náà sójú ewé tí fọ́tò wọn wà, níbi tí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn àkọ̀. Wọn ò wò ó.

“Ka orúkọ yẹn sí mi létí.”

“Gbọ́njúbọ́lá, ìyàwó Lazarus, Abà Josiah, lọ́nà Ìjàyè.”

“Wọ́n kọ ọ́ dáadáa?”

“Wọ́n kọ ọ́ dáadáa, Màmá.”

“Ó dáa.” Wọ́n na ọwọ́ òsì sí mi. “Bá mi mú abẹ tuntun wá nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn. Eléyìí ò mú mọ́.”